Ẹ Má Tètè Pa Ìwé Aláwòrán Yẹn Dé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún náà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe lè fi ìwé aláwòrán kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, àwọn ọmọ bí ọdún 5 sí 8 yẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un látorí ohun tójú èmi fúnra mi rí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, ọmọ ọdún 6, ẹnu ẹ̀ dá ṣáká, kò sí ìwé kékeré tẹ́ ẹ máa gbé síwájú ẹ̀ tí kò ní kà já, gbogbo wa là ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, ó ń ka ìwé kan tí ajá wà nínú ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ajá sá lọ", ọmọ yìí kà á pé "Ajá ń sáré", ó ṣí ojú ìwé tó kàn, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Mo ní dúró ná. Mo dá a padà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán ajá yẹn, mo ní ó yá, tún un kà fún mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò, mi ò ríran." Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta gbangba nísàlẹ̀ ọwọ́ mi, lẹ́tà gàdàgbà gadagba, mi ò bo ẹyọ kan nínú wọn, ṣùgbọ́n lójú ọmọ yẹn mo ti bo gbogbo ìwé náà pátápátá.

Mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí èmi gan-an ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń sọ fún gbogbo kíláàsì pé tẹ́ ẹ bá dé ibi ọ̀rọ̀ tẹ́ ò mọ̀, ẹ wo àwòrán, ẹ ro ohun tó lè jẹ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó jọ ìrànlọ́wọ́, àmọ́ àbá dídá ni mò ń kọ́ wọn, kì í ṣe ìwé kíkà. Ọmọ tó ń dá àbá báyìí máa gbádùn kíláàsì kìíní, ó tiẹ̀ lè gbádùn ìkejì, ìgbà tó bá dé ibi tí ìwé ò ti ní àwòrán mọ́ ló máa há, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ọ̀lẹ ni, pé kò fọkàn síwèé mọ́, bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti wọ́.

Nítorí náà ohun tí mo wá sọ lónìí ò pọ̀ rárá. Àwòrán ní iṣẹ́ tiẹ̀, lẹ́tà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Lẹ́tà la fi ń ka ọ̀rọ̀. Àwòrán la fi ń ronú, òun la fi ń sọ̀rọ̀, òun ló ń fún ọmọ ní nǹkan tó máa kọ. Ẹ má gba iṣẹ́ ọ̀kan gbé fún èkejì, kẹ́ ẹ sì má sáré kúrò lórí ìwé kan bọ́ sórí òmíì, torí ìwé kan ṣoṣo tó dáa tó ọmọ kékeré lò fún odindi ọ̀sẹ̀.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Philip Gough àti William Tunmer, sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn gan-an lọ́dún 1986. Wọ́n ní ìwé kíkà jẹ́ nǹkan méjì tí wọ́n sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn: kéèyàn lè tú lẹ́tà sí ọ̀rọ̀, àti kéèyàn gbọ́ èdè tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ẹ̀. Ẹ kíyè sí i o, ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní àròpọ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, bí èkejì tiẹ̀ ga dé ọ̀run, òdo náà ni gbogbo ẹ̀ máa já sí. Ọmọ tí mò ń sọ yìí gbọ́ èdè dáadáa, ó mọ ìtàn sọ, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán, títú lẹ́tà sí ọ̀rọ̀ ló ṣófo. Àwọn ọmọ míì sì wà tó jẹ́ pé ìdàkejì ni tiwọn, wọ́n á ka gbogbo lẹ́tà já geere bí ẹni ń ka òǹkà, tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé kí lo kà, wọ́n á máa wò yín. Ìwé aláwòrán lè wo ọmọ méjèèjì sàn, tá a bá mọ̀ ọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ láyé. Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ni ìwé aláwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ọmọdé, ọdún 1658 ló jáde ní Nuremberg ní Jámánì, Jan Amos Comenius ló ṣe é, Orbis Sensualium Pictus ni wọ́n ń pè é, èdè Látìn àti èdè Jámánì ló wà nínú ẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ràn nípa ẹ̀. Ìkíní, gbogbo nǹkan inú àwòrán ni wọ́n fi nọ́ńbà sí lára, nọ́ńbà kan náà á tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa nǹkan yẹn, kí ojú ọmọ lè máa rìn láàárín àwòrán àti ọ̀rọ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ìkejì, kó tó dé ibi àwòrán ayé rárá, ó kọ́kọ́ to lẹ́tà kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹranko, ẹyẹ kannakánná ń ké á á lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà A, ọ̀dọ́ àgùntàn ń ké bé é é lẹ́gbẹ̀ẹ́ B. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ìró ló fi kọ́ lẹ́tà, ìtumọ̀ ló fi àwòrán kọ́. Ẹni yẹn ti mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wa.

Ẹnì kan lè ní, ṣé kì í ṣe pé tá a bá ṣáà ń kàwé fún ọmọ, tó ń wo ìwé, ojú ẹ̀ máa mọ lẹ́tà díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2005 Mary Ann Evans àti Jean Saint-Aubin ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde, wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé ibi tí ẹyinjú ọmọ ń lọ nígbà tí wọ́n ń kàwé fún un, àwọn ọmọ tí kò tíì wọ kíláàsì kìíní ni wọ́n lò. Àwòrán làwọn ọmọ yẹn ń wò. Wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ọ̀rọ̀ rárá, bó ti wù kí wọ́n to ọ̀rọ̀ sójú ìwé. Kò sì yà mí lẹ́nu, èwo ló dáa wò jù, àwòrán ajá tó ń sáré ni àbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sísàlẹ̀? Tí a ò bá fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀, tí a ò dárúkọ ẹ̀, ojú ọmọ ò ní débẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ó dáa, báwo ni mo ṣe ń ṣe é báyìí? Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, èmi ni mo hun ún fún ìjókòó yìí. Ọmọbìnrin kan di agbòjò mú. Atẹ́gùn dé. Agbòjò fò lọ. Ajá sá tẹ̀lé e. Ojú ìwé mẹ́rin, gbólóhùn mẹ́rin, ẹ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò ní ka nǹkan kan. Màá gé bébà pélébé pélébé, màá fi bo gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé, àwòrán nìkan la máa wò, àwọn ọmọ ni wọ́n máa sọ ìtàn fún mi. Ibi tí tíṣà púpọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí, wọ́n á kàn máa bèèrè "kí nìyí?", ọmọ á ní "ajá", "kí nìyí?", "agbòjò", ó parí. Irú ìbéèrè yẹn dáa fún ọmọ ọdún 2. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí irun ọmọ yẹn fi dìde báyìí? Ta ló rò pé atẹ́gùn máa gbé nǹkan míì? Ibo ni agbòjò máa já sí? Kí lajá yẹn ń rò lọ́kàn? Tí ọmọ bá wá ní "ajá sá", ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀ kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún un, "bẹ́ẹ̀ ni o, ajá sá tẹ̀lé agbòjò", kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó sọ ọ́ tẹ̀lé yín. Grover Whitehurst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán irú kíkà onífọ̀rọ̀wérọ̀ yìí wò lọ́dún 1988, wọ́n kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe máa bi ọmọ ní ìbéèrè, tí wọ́n á máa fi kún ohun tọ́mọ bá sọ, oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ sì ti pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn ju ti àwọn tí wọ́n kàn ń kàwé fún lọ. Oṣù kan o! Kò náni ní nǹkan kan ju ká pa ẹnu mọ́ ká jẹ́ kọ́mọ sọ̀rọ̀, àwa àgbà kì í fẹ́ dákẹ́, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Túsìdé la máa ń ṣí bébà kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ní báyìí, ẹ gbé bébà pélébé yẹn, ẹ fi bo àwòrán. Bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán la máa bò lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, á pe ìró lọ́kọ̀ọ̀kan, á so ó pọ̀, a-já, sá, tẹ̀-lé, e, ìgbà tó bá kà á tán ló máa wá ṣí àwòrán wò bóyá ohun tóun kà bá a mu. Ẹ wo bí ipò àwòrán ṣe yí padà, kò sọ ìdáhùn fún ọmọ mọ́, ẹlẹ́rìí ló dà. Ọmọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìnira ńlá ló jẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ń bínú sí mi, ó ti mọ̀ pé òun mọ̀wé kà, kí ló dé tí àǹtí fi ń dà á láàmú. Bó ṣe ń lọ, ó wá di eré lọ́wọ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á ti fi ọwọ́ bo àwòrán kí n tó sọ, á kà á wúyẹ́wúyẹ́, á wá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ báyìí, á yọjú wò ó, tó bá gbà á ẹ máa gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ dé kíláàsì kejì.

Ọjọ́ kẹta, etí la máa ń lò, ojú sinmi díẹ̀. Mo fẹ́ dúró níbí torí èdè wa ṣe wá lóore tí ọ̀pọ̀ èdè ò ní. Sílébù wa ò ṣòro gé, àtẹ́wọ́ kan fún sílébù kan, a-gbò-jò, mẹ́ta, ọ-mọ, méjì, gbogbo ọmọ ló lè ṣe é. Ibi tó le díẹ̀ ni kí wọ́n gé sílébù sí ìró. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Daniil Elkonin, ló mú ọ̀nà àpótí wá, ẹ máa ya àpótí kéékèèké sórí bébà, iye ìró tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ ni iye àpótí, ọmọ á máa ti ìdérí ìgò tàbí òkúta wẹ́wẹ́ bọ inú àpótí kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pe ìró. Ẹ jẹ́ ká gbé agbòjò wò. A, gb, ò, j, ò. Ìró márùn-ún. Ṣùgbọ́n tọ́mọ bá ka g àti b lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mẹ́fà ló máa rí lórí bébà. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ ti máa ń là, ẹ máa rí i tó ń wá àpótí kẹfà, ẹ ní rárá, g àti b jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo, ìró kan ni wọ́n. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ti òkúta kan sínú àpótí gb yẹn kò ní gbàgbé ẹ̀ láé, ẹ lè kọ gb sórí bùláákì bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ má rí irú ẹ̀.

Àmì ohùn ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí gan-an. Èrò tèmi ni pé kí ohùn ti wà lẹ́nu ọmọ látọjọ́ kìíní, kí ìwé tó ń kà náà ní àmì kíkún, àmọ́ kí a má fi dandan lé e pé kó máa fi àmì sí tiẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ gbólóhùn, ìyẹn á dé tó bá yá. Ẹ ya àwòrán mẹ́ta sílẹ̀, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà kéékèèké, kí ọmọ máa gbé e sábẹ́ èyí tó ni ín. Lẹ́tà kan náà ni, àmì nìkan ló yàtọ̀, àfi kó wo àmì dáadáa, kò sí àbá tó lè dá níbẹ̀.

Ó wá kan ìwé kíkọ, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Tọ́sìdé, ọmọ á kọ́kọ́ ya àwòrán ojú ìwé kan tó fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, á wá kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò ní dà á kọ láti inú ìwé o, èyí tó bá ti etí ara ẹ̀ wá ló máa kọ. Ọmọbìnrin kan kọ eléyìí fún mi, mo ṣì ní bébà náà nílé: OMO SUKU AGOJO LO. Ọmọ sunkún, agbòjò lọ. Kó tó dọ́wọ́ mi, tíṣà kan tó ń ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ti fi bírò pupa fa igi sí méjì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ èyí tó tọ̀nà sókè, ọmọ náà sì ti jókòó, ó ká apá lé orí tábìlì, kò fẹ́ kọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bébà yẹn dáadáa. Ìtàn inú ìwé ò sọ pé ọmọ yẹn sunkún, inú àwòrán ni ọmọ yìí ti rí omi ojú, òun ló fi ọ̀rọ̀ sí i. Sílébù kan ò sọnù nínú gbogbo ohun tó kọ. N ló fò nínú sunkún, torí n yẹn kì í dá dún fúnra ẹ̀, inú imú ló wà, ó sì ṣòro fún etí ọmọdé láti yà á sọ́tọ̀. Gb ló fi G nìkan kọ, ìdajì ẹ̀ ló rí. Ọmọ yìí ò ṣe àṣìṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan, iṣẹ́ ló ṣe níbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ńlá. Charles Read ti fi irú èyí hàn látọdún 1971, ó wo bí àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ́ wọn ní sípẹ́lì, ó rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ ní ètò, bíi kí wọ́n fi CHR bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí TR bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe ń dún létí wọn gan-an nìyẹn. Lọ́dún kan náà Carol Chomsky kọ̀wé pé kí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kí ọmọ kọ̀wé kó tó máa kà á.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo jókòó tì í, mo ka ohun tó kọ sókè, mo ní ó dùn èmi náà pé agbòjò yẹn lọ o, ṣé ó padà rí i? Ó gbójú sókè. Ó ní ajá mú un wá. Mo ní kọ ìyẹn náà. Ìgbà tó kọ ìyẹn tán ni mo tó wá ní ká gbé àpótí àná wá, ká wo agbòjò, ó ti òkúta márùn-ún, ó dé ibi gb, ó ya ẹnu, ó gba bírò lọ́wọ́ mi ó fi B sí i fúnra ẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan nípa n inú sunkún. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn di ọ̀sẹ̀ míì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kíá sọ ti lẹ́tà kíkọ, torí mo rí i pé àwọn ìwé tí wọ́n ti fi àmì tótòtó ya lẹ́tà sí, tí ọmọ kàn ń fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e, ti pọ̀ jù. Karin James àti Laura Engelhardt ṣe ìwádìí lọ́dún 2012 pẹ̀lú àwọn ọmọ bí ọdún 5 tí kò tíì mọ̀wé kà, àwọn ọmọ náà tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ̀ lé ilà tí wọ́n ti yà, wọ́n tún fi ọwọ́ kọ lẹ́tà láìsí ilà kankan tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n wá wo ọpọlọ wọn, lẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ nìkan ló jí apá ibi tí àwọn àgbà ń lò fún ìwé kíkà dáadáa. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ kó wọ́, kó tóbi, kó ṣubú kúrò lórí ìlà, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Fúráìdé, ìwé tiwọn la máa ń kà, tí olúkúlùkù ṣe fúnra ẹ̀, ọmọ á kà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀, èkejì á kà tiẹ̀.

Ìyá kan bi mí nígbà tí mò ń wọlé pé ọmọ òun kì í fẹ́ kọ nǹkan kan rárá, tó bá ti rí pẹ́ńsù ló máa ń sunkún. Ẹ má fipá mú un, mà. Ẹ ní kó sọ ọ́, ẹ̀yin ẹ kọ ọ́. Àmọ́ bó bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má tún un ṣe, tó bá ní "ajá yẹn ó kàn sá ni", ẹ kọ "ajá yẹn ó kàn sá ni", torí ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀ ló máa lè kà padà. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹ̀, ẹ máa pe ìró bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́, tó bá wá dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ dúró, ẹ na pẹ́ńsù sí i, ẹ ní kó bá yín kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kó kọ méjì.

Bébà funfun kan wà lórí àga gbogbo yín, ẹ mú un. Ẹ ká a po lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ká a po lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gé ibi tó ti so pọ̀ lókè, ẹ ti ní ojú ìwé 8 báyìí. Ọ̀kan fún èèpo ìwé, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, mẹ́fà ló kù fún ìtàn. Ẹ ya agbòjò yẹn sí ojú àkọ́kọ́, ẹ má dààmú tí kò bá dùn ún wò, kẹ́ ẹ wá yíjú sí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ bi í pé ibo ló rò pé ó máa já sí.